Ọba Fajú Ro, Ó Di Èèwọ̀

Ẹ̀yin ará àdúgbò mi, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun kí ẹ tó wá, àti ẹ̀yin tí ẹ ń retí kí n tètè sọ̀rọ̀ tán kí ẹ lè lọ jẹun, mo kí yín. Ẹ sún mọ́ mi. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà rọra máa fọ́ ọ, kí ariwo èèpo rẹ̀ má bo ohùn mi mọ́lẹ̀, nítorí ohùn tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí kì í ṣe ohùn yẹpẹrẹ. Ẹfọ̀n gbọ́ ọ rí, ó gbàgbé ọ̀nà odò. Ẹkùn gbọ́ ọ rí, ó ní kí àwọn ọmọ òun wọlé. Èmi Ọdẹ́rìndé ni mo ń sọ̀rọ̀, ọdẹ tí ọdẹ ń dọ̀bálẹ̀ kí.

"Bàbá ọdẹ, a gbọ́ èyí lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni Lámídì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wí láti orí àpótí tó jókòó lé.

O gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n o kò gbà á gbọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń tún un sọ.

Ohun tó mú ìtàn òní wá ni ariwo tó jáde láti ilé Ìyá Bánjí ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Wọ́n gbé ẹ̀wà síwájú Bánjí, Bánjí sì pa ẹnu dé bí ẹni tí wọ́n fi àṣírí ìlú pamọ́ sí lẹ́nu. Ìyá Bánjí, má bínú sí mi, n kò dá ọ lẹ́jọ́. Ọmọ tí kò jẹun, ọkàn ìyá rẹ̀ ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n jókòó, kí o gbọ́ ohun tí ojú èmi rí nítorí ẹni kan tí kò jẹ ẹ̀wà.

Mo ní àbúrò kan, Ọdẹ́dìran ni orúkọ rẹ̀. Ìyá wa bí i lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ léraléra, nítorí náà, nígbà tí ọmọ yìí dúró, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ìyá wa bí ẹni gbé ẹyin sórí àwo tó ń yọ̀. Bí Ọdẹ́dìran bá yínmú sí ilá, ìyá wa á gbé ilá kúrò ńlẹ̀. Bí ó bá ní egungun ẹja ń ṣe òun ní ọ̀fun, ẹja á di tèmi. Ó ní ẹ̀wà ní ojú, ẹ̀wà sì ń wo òun. Ìyá wa kò bá a jiyàn. Ó gbé ẹ̀wà náà fún mi, ó ní kí n lọ jẹ ẹ́ lẹ́yìnkùlé níbi tí kò ti ní lè wo ọmọ òun. Bí mo ṣe di géńdé nìyẹn, tí òun sì rí bí igi ìgbálẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ọdẹ́dìran dàgbà, ó fẹ́ Ṣijúwadé, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi ń ṣèèṣì kọjá níwájú ilé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń sebẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó gbé ilá síwájú ọkọ rẹ̀, ọkọ yínmú. Ṣijúwadé ní, "Ọkọ mi, èmi kọ́ ni ìyá rẹ. Ohun tí mo sè nìyẹn." Ọdẹ́dìran mú fìlà, ó bọ́ síta. Ó ti gbọ́ nípa ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìlú Fúyẹ́, níbi tí oúnjẹ kì í ti í fà, tí kì í ní egungun, tí kì í sì í wo ènìyàn. Ibẹ̀ ló forí lé.

Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ nípa rẹ̀. Olóbì kan tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ló mú ìròyìn wá. Ó ní, "Mo rí ọkọ rẹ, Ṣijúwadé. Òkúta ló fi okùn so mọ́ ìbàdí. Bí gbogbo wọn ṣe ń rìn níbẹ̀ nìyẹn. Oúnjẹ wọn ti sọ wọ́n di ìyẹ́. Bí ọyẹ́ bá sì fẹ́ tí okùn ẹnìkan bá já, ojú ọ̀run ni yóò ti máa juwọ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀."

Ọyẹ́ ń bọ̀ nígbà náà. Ètè gbogbo wa ti ń gbẹ.

Ṣijúwadé wá bá mi. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wọ́n ní ẹ pa erin."

Mo ní, "Kì í ṣe ẹyọ kan."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí erin sinmi. Ẹ bá mi lọ mú ọkọ mi wálé kí atẹ́gùn tó gbé e. Bí kò bá ní jẹ ilá, kí ó jókòó sínú ilé mi kí ó máa bínú síbẹ̀. N kò lè máa wo ojú ọ̀run láti mọ ibi tí ọkọ mi wà."

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò ọdẹ mi kọ́ èjìká. Irú, iyọ̀ àti ata gbígbẹ wà nínú rẹ̀, nítorí ọdẹ tí kò bá gbé irú lọ́wọ́ yóò kàn máa sun ẹran jẹ bí ọ̀bọ tó jí iná ni. Mo rìn títí ilẹ̀ tí mo mọ̀ fi tán, mo sì bọ́ sí ilẹ̀ tí kò mọ̀ mí.

Igbó tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ni Igbó Ìpápánu. Igi ibẹ̀ a máa so gúgúrú, ìtàkùn ibẹ̀ a máa so dòdò, olú tó ń hù nídìí igi sì jẹ́ àkàrà tó gbóná fẹlifẹli. Àwọn iwin tó ń gbé ibẹ̀ kò jókòó ti oúnjẹ rí láti ìgbà tí a ti dá wọn. Wọn a bù díẹ̀ níhìn-ín, wọn a já díẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹnu wọn kò sinmi, ikùn wọn kò sì kún. Egungun àwọn arìnrìn-àjò tó ní àwọn fẹ́ tọ́ díẹ̀ wò ló tẹ́ ojú ọ̀nà bí òkúta wẹẹrẹ. Iwin arúgbó kan di aṣọ mi mú, ó ní, "Ọ̀rẹ́, tọ́ ẹyọ kan wò. Ẹyọ kan kì í ba oúnjẹ alẹ́ jẹ́." Ẹ wo irọ́ tó ti pa ọmọ aráyé. Mo di ẹnu ara mi mú bí ẹni di ajá mú, mo sì ń sá lọ.

"Bàbá ọdẹ," ni Lámídì wí, "ẹ ò mú ẹyọ kan rárá?"

Mo mú dòdò díẹ̀, kí n lè mọ ohun tí mo ń kọ̀. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ibi tí igbó náà parí sí ni mo ti bá ẹ̀dá kan tó dábùú ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn abà, eyín inú rẹ̀ tó láti fi la igi, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò ju fọ́nrán òwú lọ. Ọ̀fun-Abẹ́rẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, n óò pa àlọ́ fún ọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, n kò ní gbé ọ mì, nítorí n kò lè gbé ohunkóhun mì. N óò máa lá ọ ni, bí ọmọdé ṣe ń lá iyọ̀, títí o ó fi tán."

Ẹ̀yin ará, mo ti rí ikú oríṣiríṣi. Èyí tí wọ́n ń fi ahọ́n pa ènìyàn ni n kò tíì rí rí.

Ó ní, "Kí ni à ń kọ́ kí a tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, tí a kì í sì í gbàgbé, bí a tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ẹni tó kọ́ wa?"

Mo ní ẹkún ni. Ó ní ẹkún la bá wáyé, ẹnìkan kò kọ́ wa. Mo ní ìrìn ni. Ó ní arúgbó a máa gbàgbé ìrìn. Ó yọ ahọ́n síta, ó fi nu eruku kúrò lórí bàtà mi láti fi dán mi wò. Ibẹ̀ ni ọpọlọ mi ti jí. Mo rántí ìka ìyá mi tó máa ń bọ inú ọbẹ̀, tí á sì bọ́ sí mi lẹ́nu.

Mo ní, "Adùn àti ìkorò ni. Ìyá ló fi ìka kọ ọ́ sí wa láhọ́n kí a tó mọ orúkọ rẹ̀."

Ọ̀fun-Abẹ́rẹ́ kó ahọ́n wọlé, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi a máa bá mi rún oúnjẹ lẹ́nu kí n tó gbé e mì. Ó ń rún un títí mo fi hu irùngbọ̀n. Nígbà tó kú, eyín mi wà, ẹnu mi wà, ṣùgbọ́n ọ̀fun mi kò mọ iṣẹ́ kankan. Máa lọ." Ó yà fún mi. Mo kọjá pẹ̀lú ìgboyà, mo sì kọ́kọ́ rìn jìnnà kí n tó jókòó kí àyà mi lè balẹ̀.

Bí mo ṣe dé Ìlú Fúyẹ́ nìyẹn. Ìlú tó lọ́ràá nìlú náà, èyí ló sì pa mí lẹ́rìn-ín. Ilá ibẹ̀ ti di igi ńlá, ẹyẹ ń pamọ síbẹ̀. Àkùkọ ti darúgbó, wọ́n ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ káàkiri bí olóyè. Ewúrẹ́ ń sùn lórí ẹní àlejò, ìgbín tó tóbi bí fìlà sì bo gbogbo ògiri. Àárín ọ̀pọ̀ ohun jíjẹ wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn tó rí bí igi ìṣáná ti ń rìn, òkúta ń dún kọlọkọlọ ní ìbàdí wọn. Ẹ̀kọ tútù nìkan ni wọ́n ń jẹ. Kò sí ẹ̀fọ́, kò sí ẹran, kò sí iyọ̀.

Mo bá Ọdẹ́dìran níwájú ilé kékeré kan. Ara rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji rẹ̀ fi nípọn jù ú lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, òkúta rẹ̀ ló ràn án lọ́wọ́ láti dé ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ mà sanra."

Mo ní, "Dìde ká lọ. Ìyàwó rẹ ló rán mi."

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n wà níbí. Kò sẹ́ni tó ń fi ilá lọ̀ mí níbí."

"Atẹ́gùn ló máa fi ara rẹ̀ lọ̀ ọ́. Ṣé o ti rí ẹni tó gbé rí tó padà?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ní èṣí, ó gbé aládùúgbò mi lọ. A gbọ́ tó ń kọ orin fún ìgbà díẹ̀." Lẹ́yìn náà ló wá rọ ohùn: "Mo fẹ́ wálé, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ló ń tì mí."

Kí n tó dá a lóhùn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba ti dé. Ọ̀kan nínú wọn ń fi imú fa afẹ́fẹ́, ó ń tọ òórùn náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí imú rẹ̀ fi kan àpò mi. Ó ní, "Irú." Àwọn yòókù fi ọwọ́ bojú. Bí wọ́n ṣe wọ́ èmi àti àbúrò mi lọ sí ààfin nìyẹn. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́jọ ló dì mí mú, gbogbo wọn lápapọ̀ kò sì wúwo tó ìbọn mi. Mo kàn tẹ̀lé wọn nítorí ìwà ọmọlúàbí ni.

Ọba ìlú náà, Onífúyẹ́, jókòó sórí ìtẹ́. Ọkùnrin tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀ ni, ó tínínrín, ojú rẹ̀ sì tutù. Adé iyùn orí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó fò. Níwájú rẹ̀ gan-an ni olóyè kan jókòó sí, tí kò gbójú kúrò lójú ọba, àfi bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò tó fẹ́ hó. Awòjú ni oyè rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo ojú Kábíyèsí bí wọ́n bá gbé nǹkan jíjẹ dé iwájú wọn. Bí ojú náà bá fàro, Awòjú á kéde nǹkan ọ̀hún ní èèwọ̀. Èèwọ̀ ọba sì ni èèwọ̀ ìlú.

Wọ́n gbé irú mi dé iwájú ọba. Ojú ọba fàro. Awòjú dá ẹjọ́ kíá: "Àlejò yìí wúwo jù, atẹ́gùn kò ní lè gbé e. Nítorí náà, àbúrò rẹ̀ tó gbà á sílé ni a óò tú òkúta rẹ̀. Ọyẹ́ ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la."

 Ọdẹ́dìran di okùn ìbàdí rẹ̀ mú.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan. Báwo ni irú ṣe di èèwọ̀?"

Awòjú gbéra sọ, ó ń dùn mọ́ ọn láti sọ ọ́. Ó ní, "Ọba àná wàjà ní ọ̀sán gangan, Kábíyèsí yìí sì ni àrólé kan ṣoṣo. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n nígbà náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò ni. Àwa ìjòyè gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn obìnrin, a kò jẹ́ kí obìnrin kan sún mọ́ ìtẹ́ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gun orí ìtẹ́ ni àwọn baba ńlá sọ̀kalẹ̀ sí wọn lára. Ara wọn gbóná, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn ṣàràṣàrà, wọ́n ń ki ọwọ́ bọ ẹnu. A gbé iṣu dé, wọ́n kígbe. A gbé ẹran dé, wọ́n bù ú jẹ, wọ́n sì bú sẹ́kún. A gbé ẹ̀wà, ilá, irú, ata, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fajú ro sí. Ẹ̀kọ tútù nìkan ni àwọn baba ńlá gbà."

"Eyín ni," ni Ìyá Bánjí wí láti ibi tó jókòó sí. "Eyín ló ń hù."

Ìyá Bánjí, ta ló ń sọ ìtàn yìí? Ṣé o wà níbẹ̀? Mo fẹ́ kí gbogbo wọn ronú díẹ̀ ná kí n tó sọ ọ́, o ti já a mọ́ mi lẹ́nu. Ó dára, eyín ni. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjòyè: mo ní, "Ẹ̀yin àgbààgbà, ọmọ tó ń hu eyín kì í fẹ́ ohunkóhun lẹ́nu àfi ohun tó tutù. Èrìgì ló ń dun Kábíyèsí. Bí ẹ bá bi ìyá kan ṣoṣo nínú ìlú yìí, ì bá ti sọ fún yín."

 Awòjú gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò yọrí sí rere. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ sọ pé eyín ọmọ ọwọ́ ló ti ń ṣe àkóso ìlú yìí láti ìgbà yẹn?"

Mo ní, "Mo ti rí ìlú tí ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ ń ṣe àkóso rẹ̀."

Ọba na ọwọ́. Ó ní, "Ẹ gbé irú náà wá." Ó mú un sún mọ́ ẹnu, gbogbo wa sì rí ọrùn rẹ̀ tó ń sún kì bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń tì látinú. Ó gbọ̀n, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, mo gba ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́. Eyín náà ti hù tán tipẹ́, ọ̀kan tilẹ̀ ti kán. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò sọ fún ọ̀fun mi."

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó mú mi káàánú. Ṣùgbọ́n mo ti wí òótọ́ kan tó dùn gbọ́, òótọ́ sì ń pa ènìyàn bí ẹmu. Mo dìde, mo gbá àyà. Mo ní, "Kábíyèsí, oúnjẹ kì í ṣe ẹkùn. Kí ènìyàn la ẹnu, kí ó gbé e mì, ó tán. Èmi tí ẹ ń wò yìí, kò sí ohun tí Ọlọ́run dá tí ẹnu mi kọ̀."

Ọdẹ́dìran húkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ ti ìgbín fún wọn."

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọba béèrè pé, "Kí ló ṣe ìgbín?"

Mo ní, "Kábíyèsí, èèwọ̀ ìdílé wa ni."

"Ìdílé kan náà ló bí wa," ni Ọdẹ́dìran wí, "mo sì fẹ́ràn ìgbín bí ojú. Kábíyèsí, ìyá àgbà wa ló sọ fún un ní kékeré pé ọmọ ọdẹ tó bá jẹ ìgbín, bó bá rí ẹranko, orí rẹ̀ yóò wọ inú ikùn lọ. Ìyá àgbà fẹ́ jẹ ìgbín tirẹ̀ mọ́ tiwọn ni. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí ìgbín, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà."

Ọba rẹ́rìn-ín. Ó jọ pé wọn kò gbọ́ ẹ̀rín níbẹ̀ rí, nítorí àwọn ìjòyè ń wo Awòjú bóyá èèwọ̀ ni. Ọba ní, "Ọdẹ, ìwọ àti èmi ni. Bí o bá lè gbé ìgbín mì, èmi náà yóò gbé ilá mì, àti irú inú rẹ̀, n óò sì dá àbúrò rẹ sílẹ̀. Bí o kò bá lè gbé e mì, má tún fi ẹnu rẹ sọ fún mi pé nǹkan kékeré ni. Àbúrò rẹ yóò lọ."

Níta, koríko orí ilé ti ń gbéra díẹ̀díẹ̀. Ọyẹ́ kò dúró de àárọ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ ọbẹ̀ í sè mọ́ nínú ìlú náà, Ọdẹ́dìran ló bọ́ sídìí ààrò. Ó ṣa ìgbín lára ògiri ààfin, ó fi eérú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, ó ní èyí tí kò bá mọ́ kò ní wọ ìkòkò òun. Ó já ilá lórí igi, ó tú àpò mi, ó da ata àti irú sí i. Àwọn ará ìlú yí i ká, wọn kò mọ̀ pé itọ́ ń dà lẹ́nu àwọn náà.

Wọ́n gbé àwo méjì dé. Ìgbín wà nínú tèmi, dúdú, ó ń dán, ó ká jọ bí ẹni ń gbèrò ibi. Ẹ̀yin ará, mo ti gbá erin mú níwájú. Mo ti fi ìdí ìbọn gbá ọ̀nì lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú ohun kékeré yìí lọ́wọ́ tí ó yọ̀ bọ́, tí mo tún un mú tí ó tún yọ̀ bọ́, òógùn bò mí. Gbogbo ìlú ń wò mí. Awòjú pàápàá ti gbójú kúrò lára ọba, ó ń wo èmi, inú rẹ̀ sì ń dùn. Mo gbé e dé ètè, ẹnu mi kò ṣí. Mo gbọ́ tí Ọdẹ́dìran ń mí lẹ́yìn mi.

Mo ní, "Kábíyèsí, n kò lè jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń wò mí yìí."

Ọba wò mí pẹ́. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà kan ibì kan lára rẹ̀ tí ọwọ́ ẹnìkan kò kàn rí. Ó ní, "Ẹ yí ojú padà, gbogbo yín. Awòjú, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ yí i."

Awòjú ní, "Kábíyèsí, iṣẹ́ mi—"

"Wo ògiri."

Wọ́n yí padà, òkúta ìbàdí wọn dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ku èmi àti ìgbín. Mo pa ojú dé, mo rán ìyá àgbà mi létí pé mo ti dàgbà, mo jù ú sẹ́nu. Mo fi eyín kàn án. Ẹ má bi mí bó ṣe rí. Ó jọ ẹni ń jẹ bàtà tí wọ́n sè dáadáa, ṣùgbọ́n ata wà ńbẹ̀, iyọ̀ wà ńbẹ̀, nígbà tó sì yá, adùn kan dìde láti abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ti sá pamọ́. Mo gbé e mì. Mo fọwọ́ kan orí mi, ó wà lórí ọrùn.

Mo gbọ́ ìró kan, fùrù, fùrù. Mo wẹ̀yìn. Ọba ló ń fi ìka fa ilá. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, imú rẹ̀ ká sókè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ata, n kò rí ojú tó fàro tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò nínú àwo.

Ara Awòjú kò gbà á, ó yọjú wẹ̀yìn. Ó rí ojú náà, ó sáré ṣí ẹnu: "Ojú Kábíyèsí ti fàro, nítorí náà ilá—"

"Awòjú," ni ọba wí, ilá ń fà ní àgbọ̀n rẹ̀, "ojú mi ni mo fà ro. N kò pa ẹnu mi dé."

Lẹ́yìn náà, ẹ má bi mí bí gbogbo ìlú ṣe ya bo oúnjẹ. Àkùkọ tó ń rìn bí olóyè gbàgbé oyè rẹ̀, ó sá gun àjà. Ewúrẹ́ dìde lórí ẹní láìjẹ́ pé ẹnìkan lé e. Awòjú fúnra rẹ̀ ni mo rí lẹ́yìn ògiri tó ń lá ìsàlẹ̀ ìkòkò, ojú rẹ̀ fàro, ẹnìkan kò sì kéde rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ wọ ìlú, ó wọ̀ ọ́ bí àlejò tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ó fa aṣọ, ó fa fìlà, ó ṣí ilé méjì lórí, ṣùgbọ́n kò rí ẹnìkan gbé. Mo di àbúrò mi mú ní apá méjèèjì. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ti jẹ ìgbín tó pọ̀ nídìí ìkòkò kí wọ́n tó gbé tèmi dé, bí gbogbo ẹni tó ń se oúnjẹ ti máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ gbọnin. Ọba ṣí adé kúrò lórí, atẹ́gùn fẹ́ sí i lórí fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì jókòó síbẹ̀, kò fò lọ sí ibìkankan.

Lámídì ní, "Bàbá ọdẹ, ṣé ẹ wá ń jẹ ìgbín báyìí?"

Èèwọ̀ ìdílé wa ni.

A gba ọ̀nà mìíràn délé. Ṣijúwadé ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lójúde. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ náà pẹ́, bóyá ó kan ilẹ̀. Ó ní, "O káàbọ̀," ó wọlé, ó bu ẹ̀wà, ó gbé e kalẹ̀.

Ọdẹ́dìran ní, "Ṣijúwadé, ó ń wò mí."

 Ṣijúwadé yí ẹ̀yìn sí i, ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. Èmi náà yí ẹ̀yìn, mo ń wo ìlẹ̀kùn àwọn ará òdìkejì bí ẹni fẹ́ rà á.  Lẹ́yìn náà la gbọ́ tí ṣíbí kan ìdí àwo, tí ó tún kàn án. Èjìká Ṣijúwadé sọ̀kalẹ̀ wálẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì ń bá ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ó tán lẹ́nu mi. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo sọ, kí ọbẹ̀ tí ẹ̀yin fẹ́ lọ jẹ nílé má ṣe níyọ̀.